Nọ́ḿbà Kan Máa Ń Gòkè Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tó fi máa di agogo méje alẹ́ ọjọ́ náà, èéfín funfun ti bo ọgbà wa ní Ọ̀jọ́ọ̀ débi pé obìnrin tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà gbé agbada rẹ̀ kọjá sí òdìkejì títì. Ó pariwo láti ibẹ̀ pé, "Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ṣé ẹ fẹ́ fi èéfín pa wá ni?" Mi ò dá a lóhùn. Mo dojú kọ ẹ́ńjìnnì, òógùn ń ro lójú mi, dísù ti wọ ojú ọgbẹ́ tó wà ní àtàǹpàkò mi. Típà tí mo fi ọjọ́ méjì so pọ́ǹpù rẹ̀, èyí tó ń ti dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ń wúkọ́ bí àgbàlagbà nígbà ọyẹ́. Ó ń yí, ó ń sín, ó ń tú èéfín, ṣùgbọ́n kò gbiná.

Ó ti tó oṣù mẹ́fà nígbà náà tí mo ti gba fíríìdọ̀m, àmọ́ mi ò tíì dá sọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ṣì wà, à ń ṣiṣẹ́ pọ̀, à ń pín owó. Ọ̀gá lọ sìnkú ìyá àna wọn ní Ìsẹ́yìn. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún mi ni pé, "Tí pọ́ǹpù Alhaja bá dé, so ó." Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo ti bá wọn so pọ́ǹpù tó ogún, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ sípánà tó bá nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mu láìwojú rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nínú gbogbo ogún yẹn, Ọ̀gá ló ti máa ń wo ohun tó yẹ ká wò kí n tó mú sípánà. Èmi kàn ń di bóòtù ni.

Alhaja tí mò ń sọ yìí ń mọ búlọ́ọ̀kù tà lọ́nà Mọ́níyà. Típà kan ṣoṣo tí wọ́n ní ló ń kó iyanrìn wá fún wọn, òun náà ló ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ fún oníbàárà. Ojú Mercedes 911, náìn-wán-wán, ni típà náà ní, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n bí mọ́ ọn. Tòkunbọ̀ ni, oní-písítìn mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, pọ́ǹpù rẹ̀ jókòó sórí àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, kọ́pílìnì oníbóòtù méjì ló sì so ọ̀pá pọ́ǹpù mọ́ ọ̀pá tó ń yí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́pílìnì oníbóòtù méjì yẹn sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀sùn tí dírẹ́bà fi kan ẹ́ńjìnnì ni pé kò lágbára mọ́. Tó bá ti gbé búlọ́ọ̀kù dé ìsàlẹ̀ Òkè Àrẹ, jíà wán ló kù, á máa fà bí ìgbín. Tó bá sì gbóná tí wọ́n pa á, kò ní í gbiná mọ́ àfi tó bá tutù. A tú pọ́ǹpù náà, mo gbé e lọ fún bàbá kan tó ń tún pọ́ǹpù ṣe nítòsí Ìwó Road. Bàbá yìí ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí pọ́ǹpù lórí tábìlì tí wọ́n á fi rí iye epo tí ojú kọ̀ọ̀kan ń tú. Wọ́n fa ọ̀kan nínú àwọn igi irin inú rẹ̀ yọ, wọ́n gbé e sí oòrùn, wọ́n ní kí n wò ó. Mo rí ìlà tín-ín-tín-ín lára rẹ̀, bí ìgbà tí ológbò ha nǹkan.

"Omi ni," bàbá wí. "Omi àti ìpẹtà. Níbo lẹ ti ń ra dísù?"

Inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ni, gbogbo wa la mọ̀.

Bàbá náà jókòó, wọ́n sì là mí lóye. Igi irin mẹ́fà ló wà nínú pọ́ǹpù oní-písítìn mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Kò sí rọ́bà, kò sí rííǹgì tó dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ ara wọn gẹ́ẹ́ ni kò jẹ́ kí epo jò. Tí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1000, àlàfo tó wà láàárín igi àti ihò kò ju bíi 2 tàbí 3 lọ nínú rẹ̀. Irun orí èèyàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ogún. Àlàfo bíńtín yẹn ló ń jẹ́ kí pọ́ǹpù lè ti dísù dé ẹnu nọ́sù, ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú agbára bíi 200 bar, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà típà tó le dáadáa kò ju bíi 8 bar lọ. Bosch ní Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú pọ́ǹpù tí igi irin rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ yìí lọ́pọ̀ fún títà ní 1927, títí dòní omi ṣì ni ọ̀tá rẹ̀. Dísù gan-an ni òróró tó ń mú kí igi náà yọ̀. Bí omi bá rọ́pò rẹ̀, irin ń ha irin nìyẹn. "Tí o bá so ó padà sórí táǹkì yẹn láìfọ̀ ọ́," bàbá wí, "wàá tún gbé e wá kí oṣù tó lé."

Mo fọ táǹkì. Mo lè fi èyí yangàn. Yàtọ̀ sí omi, mo bá ìpẹtà tó kún ẹ̀kúnwọ́ méjì níbẹ̀, àti ọ̀rá bisikí kan tí mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo pààrọ̀ fílítà méjèèjì, mo fọ asẹ́ kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ fíìdì pọ́ǹpù, pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo láti táǹkì, asẹ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tí Ọ̀gá bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní òwe yẹn ò kan pọ́ǹpù, nítorí àkísà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Okùn tín-ín-rín kan tó já lára àkísà tó láti dí ojú nọ́sù. Búrọ́ọ̀ṣì àti dísù mímọ́ la fi ń fọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ la fi ń fẹ́ ẹ gbẹ. Gbogbo ẹnu páìpù tí a bá tú, kíá la ó ti fi ọ̀rá píọ́wọ́tà bò ó, a ó fi rọ́bà dè é. Tí ẹ bá dé ọgbà wa lọ́jọ́ tí a bá tú pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnnì á dà bí ẹni tí wọ́n di irun fún.

Ọjọ́ kejì tí pọ́ǹpù dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Nígbà tí a tú u, Ọ̀gá ti yí kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí, débi tí písítìn nọ́ḿbà kan wà lókè, tí àmì ara púlì kojú ìka irin tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo wá mú tipẹ́ẹ̀sì, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé, mo fi fa ìlà sí kọ́pílìnì, apá kan sára tẹ́ńjìnnì, apá kan sára ti pọ́ǹpù. Mo rò pé mo ti ṣe é gan-an. Ilà ló yẹ kí n kọ sí i, àtíkè ni mo pa. Ilà tí wọ́n fi abẹ kọ sójú ọmọ, àbàjà tàbí pélé, ọmọ náà ń bá a lọ sí sàréè. Àtíkè ò lè kọjá ìwẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ sì dé. Ọmọ tó kéré jù ní sọ́ọ̀bù wa, Kékeré la ń pè é, rí i pé ẹ́ńjìnnì náà dọ̀tí. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó fi bẹntiró àti búrọ́ọ̀ṣì fọ iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń yí kíráńkì kó lè débi tó fara pamọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó rí i pé àmì ara púlì kò kojú ìka irin mọ́, ó sì yí i títí àmì fi padà síbẹ̀. Ọmọ tó ní làákàyè ni. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbi ọjọ́ orí rẹ̀, mi ò ní rántí dá a padà.

Nígbà tí mo dé ìdí iṣẹ́, mi ò rí tipẹ́ẹ̀sì lára kọ́pílìnì. Mo ní kò burú. Púlì wà lórí àmì, nọ́ḿbà kan wà lókè. Pọ́ǹpù náà wà lórí àmì tirẹ̀ tí bàbá oní-pọ́ǹpù fi hàn mí, ó ti ṣetán láti ti epo sí nọ́ḿbà kan. Kí ló tún kù? Mo gbé e jókòó, mo ki bóòtù méjì bọ kọ́pílìnì, mo dì í. Mo da páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà síbi tí wọ́n wà, mo so páìpù tó ń gbé epo wá àtèyí tó ń dá a padà sí táǹkì.

Mo ń múra láti sítáàtì ni Kékeré bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti da ọ́ìlì sínú pọ́ǹpù?" Ara mi bù mí. Bàbá ti da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù kí n tó gbé e, wọ́n sì sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n má gbàgbé. Pọ́ǹpù mìíràn ń gba ọ́ìlì láti ara ẹ́ńjìnnì, èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ la ń da sí i lọ́tọ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan láìsí ọ́ìlì, ọ̀pá inú rẹ̀ á ti jẹra. Mo da ọ́ìlì sí i, mo sì ṣe bí ẹni pé mo ti ń bọ̀ wá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lé afẹ́fẹ́ jáde. Mo tú súkúrúù orí fílítà, mo ń tẹ fíìdì pọ́ǹpù lọ́wọ́, ìfófòó ń jáde, ó ń ṣe fúù, títí dísù fi ṣàn gbuurugbu láìsí ìfófòó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lára pọ́ǹpù náà. Mo tú nọ́ọ̀tì páìpù lẹ́nu nọ́sù díẹ̀, dírẹ́bà yí sítátà, dísù ń ta jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dì wọ́n padà. Níbi kan báyìí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fẹ́ fi ìka di ẹnu páìpù kí n lè mọ̀ bí epo bá ń jáde. Ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́ tó fi ró. Dísù tó ń jáde lẹ́nu nọ́sù lè gba inú awọ wọ ẹran ara bí abẹ́rẹ́, èèyàn ò sì ní í rí ju ojú bíńtín lọ, àfi tó bá yá tí ọwọ́ bá wú. Páálí la fi ń wò ó.

A wá yí i. Èéfín funfun. A tún yí i. Èéfín funfun, ó sì sín láti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo rò pé táímìn, àsìkò tí pọ́ǹpù ń ti epo, ló yẹ̀. Ihò ara kọ́pílìnì gbọọrọ, kí a lè ti ọ̀pá pọ́ǹpù síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo tì í síwájú dé òpin, asán. Mo fà á sẹ́yìn dé òpin, asán. Bátìrì kú. Mo yá méjì lọ́wọ́ dírẹ́bà tírélà kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gba owó lọ́wọ́ mi kó tó tú wọn. Sítátà gbóná débi tí a ò lè fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni alákàrà sá lọ.

Ìgbà yẹn náà ni Alhaja dé. Wọn ò bínú, èyí tó burú jù. Wọ́n wo èéfín, wọ́n wo mi, wọ́n ní, "Mẹkáníìkì mi, ṣé ìwọ náà ò gbọ́ mọ́?" Mo ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní, "Oníbàárà mi ní Bódìjà ti san owó búlọ́ọ̀kù, ọ̀la ló ń retí mi. Kí ni kí n sọ fún un?" Mo sọ ohun tí gbogbo mẹkáníìkì máa ń sọ: mo ní ẹjọ́ ẹni tó tún pọ́ǹpù ṣe ni. Mo tiẹ̀ pe bàbá náà lójú wọn. Bàbá tẹ́tí sí mi dópin, wọ́n sì bi mí pé, "Orí tábìlì mi, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tú epo dọ́gba lójú rẹ, àbí kò tú u?" Ó tú u. Mo dákẹ́.

Mo wá pe Ọ̀gá. Ìlù dùndún ń ro lẹ́yìn wọn, wọ́n ń pariwo kí n lè gbọ́. Mo ròyìn gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Nọ́ḿbà mẹ́fà ńkọ́?" Mo ní, "Nọ́ḿbà mẹ́fà kẹ̀? Nọ́ḿbà kan ni mo fi dì í." Wọ́n ní, "Ṣí tápẹ́ẹ̀tì. Lọ bi nọ́ḿbà mẹ́fà léèrè." Wọ́n pa fóònù.

Mo sùn sínú típà lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, mo dá púlì padà sórí àmì, mo sì wò.

Ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ nìyí. Kíráńkì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí písítìn tó parí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, iná á tì í sísàlẹ̀, á wá ti èéfín jáde. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ḿbà kan ń gòkè. Ó ń gòkè láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó tún ń gòkè láti lé èéfín jáde. Àmì ara púlì ò mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn, orí àmì ló wà nígbà méjèèjì. Nọ́ḿbà kan àti nọ́ḿbà mẹ́fà dà bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà lásìkò kan náà. Bí ọ̀kan bá ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, èkejì ń lé èéfín. Lórí písítìn kọ̀ọ̀kan, rọ́kà méjì ló wà lábẹ́ ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, irin tó ń ṣí ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àtèyí tí èéfín ń gbà jáde. Lára ẹni tó ń lé èéfín, rọ́kà méjèèjì á máa jó: ọ̀kan ń gbẹ́sẹ̀ bí èkejì ṣe ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Lára ẹni tó ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, rọ́kà méjèèjì á dẹ̀, a lè fi ìka mì wọ́n.

Mo fi ìka mi rọ́kà nọ́ḿbà kan. Wọ́n le gbagidi. Mo ní kí Kékeré yí púlì síwá sẹ́yìn díẹ̀, rọ́kà nọ́ḿbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú mi. Mo lọ sídìí nọ́ḿbà mẹ́fà, mo fọwọ́ kan tirẹ̀. Wọ́n dẹ̀. Wọ́n ń mì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kékeré ti yí kíráńkì lódindi ìgbà kan ṣáájú, bí mo ṣe so ó nìyẹn. Pọ́ǹpù ń yí ní ìdajì kíráńkì, nítorí náà tí kíráńkì bá fi odindi kan yẹ̀, ìdajì ni pọ́ǹpù fi yẹ̀, kọ́pílìnì oníbóòtù méjì sì máa ń wọlé dáadáa níhà méjèèjì láìwí nǹkan kan. Gbogbo epo tí mo ń rọ́ sínú nọ́ḿbà kan, nígbà tó ń lé èéfín ni mò ń rọ́ ọ sí i. Dísù ò ní pílọ́ọ̀gì bíi ti bẹntiró. Ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ìṣáná rẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́ tí a fún, kò sí iná. Epo náà kàn ń di ọ̀rinrin, ó ń bá sàlẹ́ńsà jáde lọ bá alákàrà.

Kékeré ti mọ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Mo ní kó lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá.

Lẹ́yìn tí a jẹun, mo yí kíráńkì lódindi ìgbà kan, mo rí i tí rọ́kà nọ́ḿbà mẹ́fà ń jó, mo tú bóòtù méjì, mo fi pọ́ǹpù sórí àmì tirẹ̀, mo tún un dì. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé àmì kankan mọ́. Mo tú ohun tó wà lórí ojú nọ́ḿbà kan ti pọ́ǹpù, mo yọ fáàfù kékeré àti sípíríǹgì inú rẹ̀, mo dá ìdérí rẹ̀ padà, mo so páìpù kan tí a tẹ̀ bí ọrùn lékeléke mọ́ ọn. Mo fa tótù, ohun tó ń mú kí epo pọ̀, dé òpin. Mò ń tẹ fíìdì pọ́ǹpù, dísù ń ṣàn lẹ́nu lékeléke sínú agolo. Kékeré fà kíráńkì sẹ́yìn, ó wá ń yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣàn náà tín-ín-rín. Ó já. Ó di ẹ̀kán, tó, tó, tó. Ó wá dúró sẹ́nu páìpù, ó yọ bọ̀gbọ̀ bí omijé tí kò fẹ́ bọ́. Mo ní, "Dúró!" Ibẹ̀ gan-an ni igi irin bẹ̀rẹ̀ sí í ti epo. Mo wo púlì: ó fi bí ìbú ìka kan pẹ́ ju nọ́ḿbà tí wọ́n kọ fún ẹ́ńjìnnì náà lọ. Mo dẹ bóòtù kọ́pílìnì, mo yí ọ̀pá pọ́ǹpù síwájú díẹ̀, a tún un ṣe. Ìgbà kẹta ló tó bọ́ sí i. Tí Kékeré bá yí i kọjá, mi ò jẹ́ kó kàn dá a padà sórí àmì, a ó fà á sẹ́yìn dáadáa kó tó tún bọ̀, torí eyín jíà máa ń ní àyè díẹ̀ láàárín tó lè tan èèyàn jẹ.

Mo dá fáàfù, sípíríǹgì àti páìpù padà. Kí n tó jẹ́ kí dírẹ́bà yí i, mo gbé pákó kan sí ìtòsí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọ̀gá ló kọ́ mi. Nígbà kan, pọ́ǹpù kan tí a so há síbi tó ti ń tú epo púpọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń ké lọ sókè, kọ́kọ́rọ́ ò pa á. Gbogbo wa sá. Ọ̀gá nìkan ló sá lọ síbẹ̀, wọ́n fi pákó ìjókòó alátà ìrẹsì dí i lẹ́nu, ó kú pìì. A san owó pákó náà.

Pákó mi ò wúlò lọ́jọ́ náà. Sítátà yí bí ìgbà mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì gbiná. Èéfín funfun jáde díẹ̀, ó ṣí kúrò, ohùn rẹ̀ wá ń dún gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ìlù tí awọ rẹ̀ le. Mo mú ṣísẹ́ẹ̀lì àti hámà, mo pa á, mo sì kọ ilà sára kọ́pílìnì náà lápá méjèèjì. Pélé ni mo kọ sí i.

Alhaja san owó iṣẹ́, wọn ò san owó bátìrì. Mi ò bèèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ọ̀gá dé. Típà náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dún, dírẹ́bà fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ táyà. Wọn ò kí mi kú iṣẹ́, wọn ò béèrè nọ́ḿbà mẹ́fà. Wọ́n ya etí páálí Indomie kan, wọ́n ń fi lé ẹnu páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí nọ́ḿbà kan. Ó dé ọ̀dọ̀ nọ́ḿbà mẹ́rin, páálí tutù. Wọ́n nà án sí mi. Mo lọ mú sípánà 17.